Oògùn apakoríko: Ohun tó ń gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá, àti ewu tó rọ̀ mọ́ ọn fáwọn ará Lẹkki àti Ajah

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ní agbègbè Lẹkki sí Ajah, kì í pẹ́ tí koríko fi máa ń bo gbogbo ilẹ̀ tí wọn kò tí ì kọ́lé sí. Láti Jakande dé Ṣàngótẹ̀dó, títí lọ dé Awoyaya àti Lakowe, ilẹ̀ táwọn èèyàn ti ra ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì rówó kọ́ pọ̀ lọ jàra. Àwọn tó ń bá wọn ṣọ́ ọ, ìyẹn àwọn mègáàdì àtàwọn alágbàtà ilẹ̀, kì í sábà fi àdá ṣán an mọ́. Ike oògùn kan, omi kẹ́ẹ̀gì kan, àti ẹ̀rọ pọ́ńpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ti tó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, gbogbo ohun tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá yóò ti rọ, yóò sì ti pọ́n bí ewé tí iná jó.

Oògùn apakoríko ni orúkọ tó yẹ ká pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "oògùn koríko" tàbí "kẹ́míkà" lásán lọ́pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí lọ́jà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oògùn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Oríṣiríṣi ló wà, iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ewu wọn pẹ̀lú kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá ń pe gbogbo wọn ní nǹkan kan náà lè fọwọ́ gbá èyí tó lè pa á mọ́ra.

Kò tọ́ láti máa sọ ibi nípa oògùn yìí láì kọ́kọ́ sọ ìdí táwọn àgbẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ti roko rí ló mọ̀ pé iṣẹ́ tó le jù nínú oko kì í ṣe gbígbìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kíkórè. Ríro ni. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko máa ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ jù, bí wọn kò bá sì ro ó lásìkò náà, isu abẹ́ ilẹ̀ kò ní í tóbi, kódà kí àgbẹ̀ tó ni ín dà ajílẹ̀ tó kún ọkọ̀ sí i. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé ni iṣẹ́ yìí sì máa ń já lé léjìká. Láyé àtijọ́, àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó ṣe ọ̀wẹ̀ ti lọ sígboro. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹkki pàápàá, ibi tí ọgbà iṣẹ́ ọ̀fẹ́ Lekki Free Zone àti ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà, ọmọkùnrin tó lágbára láti roko yóò kúkú lọ gbé sìmẹ́ńtì. Owó òṣìṣẹ́ tí yóò fi ọkọ́ ro éékà kan ti wá wọ́n ju owó oògùn tí yóò ṣe éékà náà lọ dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, IITA, tó wà n'Íbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lọ́dún 2014 lórí bí wọn yóò ṣe máa kápá koríko inú oko ẹ̀gẹ́, tí àjọ aláàánú Bill àti Melinda Gates sì fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n dán oògùn wò, wọ́n dán ẹ̀rọ ìroko wò, wọ́n tún yẹ bí wọ́n ṣe ń gbin igi ẹ̀gẹ́ wò. Àǹfààní mìíràn tún wà tí kì í hàn sójú: àgbẹ̀ tó bá fi oògùn pa koríko láì kọ ebè kì í ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gbàrá, ọ̀rá ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì tètè ṣàn lọ.

Nínú àwọn oògùn tó gbajúmọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí, mẹ́ta ló yẹ kí èèyàn dá mọ̀: paraquat, glyphosate àti atrazine. Ilé iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rí i lọ́dún 1955 pé paraquat lè pa koríko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1962 lábẹ́ orúkọ Gramoxone. Ewé tó bá kàn nìkan ló ń jó, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì ń fún un lágbára. Kì í dé gbòǹgbò. Nítorí náà, ẹni tó bá fín in sórí ẹ̀ẹ̀kan, tí gbòǹgbò rẹ̀ rìn jìnnà lábẹ́ ilẹ̀, yóò yọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀kan yóò tún yọrí jáde bí ẹni pé ìsinmi ló lọ.

Glyphosate ní tirẹ̀ kì í kánjú. Onímọ̀ kan, John Franz, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Monsanto l'Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí agbára rẹ̀ lọ́dún 1970, ó sì dé ọjà lọ́dún 1974 lábẹ́ orúkọ Roundup. Ewé ló ń gbà wọlé, á sì ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, níbi tí yóò ti dí ọ̀nà tí koríko fi ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú un dàgbà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí koríko tó kú tán. Òun ló ń ká ẹ̀ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (ó sinmi lórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá onítọ̀hún ṣe). Ìsúnniṣe tó ń mú kí mègáàdì yan paraquat dípò rẹ̀ ni pé onílẹ̀ ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ lọ́la, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Atrazine làwọn alágbàdo mọ̀ jù. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń fín in sí kí koríko tó hù, á sì jẹ́ kí àgbàdo yọ ní tirẹ̀ láì fara pa. Yàtọ̀ sáwọn mẹ́ta yìí, 2,4-D tún wà, èyí táwọn onírẹsì fi ń pa koríko eléwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún 1945, òun sì wà lára àdàlù tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà dà sórí igbó Vietnam lásìkò ogun ibẹ̀.

Ní ti ewu, paraquat ló burú jù láìsí àríyànjiyàn. Àjọ tó ń bójú tó àyíká l'Amẹ́ríkà, EPA, ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ike rẹ̀ pé ẹnu kan péré lè pa èèyàn, àwọn tí wọ́n sì ti kọ́ ní ìlò rẹ̀, tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí, nìkan ni wọ́n gbà láyè láti fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Kò sí oògùn tó lè ṣẹ́ oró rẹ̀. Á jó ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, á ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀dọ̀fóró máa ń fà á mọ́ra, tí yóò sì máa le, tí yóò máa dí, díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, aláìsàn yóò ti rò pé ara ń ya, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni kò ní í lè mí mọ́. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n máa ń fún aláìlèmí nílé ìwòsàn, ńṣe ló lè mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ burú sí i, nítorí ọ́síjìn yẹn gan-an ni oró náà fi ń ṣiṣẹ́. Ọkàn aláìsàn náà sì máa ń já gaara títí dópin. Àwọn dókítà tó ti tọ́jú irú ẹ̀ kì í gbàgbé.

Kì í ṣe mímu nìkan ni. Ẹni tó bá wọ ẹ̀rọ pọ́ńpù tó ń jò sẹ́yìn, tí oògùn rin ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ara, tó sì fi ẹ̀wù náà ṣiṣẹ́ dalẹ́, lè gbà á láti awọ ara, pàápàá bí ó bá ní egbò. Lọ́dún 2011, ìwádìí kan tó ṣàyẹ̀wò àwọn àgbẹ̀ l'Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ti lo paraquat tàbí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní rotenone níṣeéṣe ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ju àwọn yòókù lọ láti ní àìsàn Parkinson, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ara le gbagidi.

Lórí glyphosate, àwọn ọ̀mọ̀ràn kò tí ì fẹnu kò. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, kéde pé ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. EPA ti Amẹ́ríkà àti àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sọ pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù sì tún fún un ní ọdún 10 sí i lóṣù kọkànlá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo mègáàdì Lẹkki gbọ́. Dewayne Johnson, ọkùnrin tó ń bójú tó ọgbà ilé ìwé ní California, tó sì ń fín oògùn yìí sórí koríko ọgbà náà lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ funfun, ó sì pe Monsanto lẹ́jọ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní San Francisco ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 289 dọ́là fún un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di mílíọ̀nù 20 àtààbọ̀ lọ́dún 2020. Bayer ti ilẹ̀ Jámánì, tó ti ra Monsanto, gbà lọ́dún 2020 láti ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 10 dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, láì gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó ń fín oògùn léraléra ni Johnson, kì í ṣe ẹni tó kọjá lọ́nà.

Bí oògùn apakoríko ṣe wọ́pọ̀ tó lọ́wọ́ àwọn èèyàn hàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó, lóṣù kẹrin ọdún 2015. Àwọn èèyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdédé ní ẹ̀fọ́rí, ojú wọn fọ́, wọ́n dákú, kí ọjọ́ kan tó pé wọ́n ti kú. Ó kéré tán, èèyàn 18 ló bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láàárín ìlú, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Agbẹnusọ àjọ ìlera àgbáyé ní tirẹ̀ sọ pé oògùn apakoríko làwọn kọ́kọ́ fura sí. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí, nítorí kò sí oko tí ike rẹ̀ kò sí. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n rí, oró tó wà nínú ògógóró táwọn tó kú mu. Oògùn koríko bọ́ nínú ẹ̀sùn yẹn. Àmọ́ ìtàn náà fi nǹkan kan hàn: nígbà tí ikú òjijì dé àárín àwọn àgbẹ̀, ike yìí lojú gbogbo ayé kọ́kọ́ lọ bá.

Òfin ti ń lé paraquat kiri láti ìgbà pípẹ́. Sweden fòfin dè é lọ́dún 1983. Ilé ẹjọ́ kan ti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fagi lé àṣẹ rẹ̀ lóṣù keje ọdún 2007, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń ṣe é, tí wọ́n ń kó o tà fáwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí àgbẹ̀ tiwọn lò ni wọ́n ń tà fún ẹlòmíì. Kòríà Gúúsù dá títà rẹ̀ dúró lọ́dún 2012, iye àwọn tó ń fi oògùn oko gbẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an. Èyí ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbé oró mì lójijì nínú ìbànújẹ́ máa ń kábàámọ̀, àmọ́ paraquat kì í fún wọn láyè àtúnṣe.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC, tí òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2019, ó ní kí wọ́n kó ike kékeré mílílítà 100 ti dichlorvos, oògùn kòkòrò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sniper, kúrò ní sọ́ọ̀bù àti ọjà gbogbogbòò. Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, àjọ náà tún fòfin de paraquat bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi ti atrazine tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé méjèèjì yìí fún oníbàárà lónìí ti rúfin, bó ti wù kí ike rẹ̀ mọ́ tó. Ike tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, tàbí tí orúkọ èròjà inú rẹ̀ kò bá hàn lára rẹ̀, kò yẹ ní rírà. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ oògùn kọ́ ló yẹ kí oníbàárà kà. Orúkọ èròjà tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan Lẹkki àti Ajah ju ibòmíì lọ nítorí ilẹ̀ ibẹ̀. Àárín òkun àti ọ̀sà ni gbogbo agbègbè náà wà, iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ àbàtà tí wọ́n kó iyanrìn dí. Omi kò jìnnà sókè ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé, kànga àti kànga-dẹ̀rọ ni wọ́n gbójú lé. Glyphosate àti paraquat máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ pinpin, èyí ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè rìn lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ mélòó ló wà nínú iyanrìn Badore tàbí Ogombo? Atrazine kò tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bá omi wọlẹ̀, nítorí bó ṣe ń wọnú omi abẹ́ ilẹ̀ ni Yúróòpù ṣe kọ̀ ọ́ lọ́dún 2004. Ẹni tó bá fín in sẹ́bàá kànga, tí òjò sì rọ̀ lé e lọ́jọ́ kejì, ó ń pọn ọ́n padà sínú ilé.

Àwọn kan ti ń dábàá pé kí wọ́n fi oògùn pa ewéko olódòdó àlùkò tó ń bo ojú ọ̀sà, èyí tó gba orílẹ̀-èdè Benin wọ Badagry lọ́dún 1984. Yóò pa á lóòótọ́. Àmọ́ ewéko tó bá kú sínú omi yóò jẹrà, ìjẹrà náà yóò gba afẹ́fẹ́ inú omi lọ́wọ́ ẹja, àwọn apẹja ni yóò sì sanwó rẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè yẹra fún oògùn tí òfin gbà láyè gbọ́dọ̀ wọ bàtà ròbà gígùn, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ìbòjú àti ẹ̀wù alápá gígùn. Ní Ajah, òwúrọ̀ kùtù ló dára láti fín in, kí atẹ́gùn òkun tó máa ń fẹ́ lọ́sàn-án tó gbé e wọ ojú fèrèsé aládùúgbò tàbí orí ẹ̀fọ́ ẹlòmíì. Kò yẹ kí ó jẹun tàbí kó mu sìgá láì tí ì fi ọṣẹ wẹ̀. Ike tó ti tán, kí wọ́n fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n da omi náà padà sínú pọ́ńpù, kí wọ́n sì lu ike náà jálẹ̀. Ìpọnmi, ìrọepo àti ìrọkẹrosíìnì kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àṣà tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn tó ń bu oògùn tà nínú ike ohun mímu. Àwọn tó ń ṣe paraquat ti fi àwọ̀ aró, òórùn burúkú àti èròjà tó ń múni bì sí i kí èèyàn má baà ṣèèṣì mu ún, ṣùgbọ́n ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kì í dúró wo àwọ̀, ayédèrú oògùn sì wà tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ṣe èyí sí i.

Bí ó bá ta sójú tàbí sára, kí wọ́n bọ́ aṣọ náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, kí wọ́n má ṣe fún un ní epo pupa, kí wọ́n má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Epo kì í pa oró yìí, èébì tó bá sì gba ọ̀nà òdì lọ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, pẹ̀lú ike oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà. Èédú tí wọ́n ṣe fún oògùn, tàbí irú amọ̀ kan, ni wọ́n máa ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ló sì dára jù. Nọ́ńbà 767 àti 112 ni wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì l'Ékòó.

Ọ̀nà mìíràn sì wà tó ti pẹ́ ju gbogbo oògùn yìí lọ. Àwọn àgbà kì í dá ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu gbìn láìsí ẹ̀gúsí láàárín wọn. Bí ìtàkùn ẹ̀gúsí bá ti tẹ́ ilẹ̀, koríko kì í rí oòrùn tó. Ọ̀dùnkún náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, koríko gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ sídìí ohun ọ̀gbìn sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní gúúsù Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀kan ti gba oko lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ara. Wọ́n á jẹ́ kí ó bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ fún sáà kan. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan ti rẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ti lọ́ràá, àgbàdo ni wọ́n á sì gbìn lé e.

Ní ti ilẹ̀ Ajah tí onílé kò tí ì kọ́, koríko ibẹ̀ kò tilẹ̀ nílò kó kú. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di iyanrìn náà mú kí òjò oṣù kẹfà má baà gbé e lọ sínú gọ́tà. Àdá tí wọ́n bá fi ṣán an lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì ti tó.